Fọ́ọ̀mù Tó Ń Dúpẹ́ Tí Kò Jíṣẹ́

Mo júbà o. Mo júbà ẹ̀yin onísáìtì tí ẹ sanwó tán lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò tíì rí páswọ́ọ̀dù gbà. Mo júbà dìsáínà tó ń wí pé "Mà, ó ku díẹ̀" láti ìgbà iléyá. Mo júbà ẹ̀yin tí ẹ kọ "Ẹ kàn sí wa" gàdàgbà sójú òpó yín, tí ẹ̀dá alààyè kan ò sì rí yín kàn. Ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe, mi ò wá jà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá, kó rọra fẹ̀yìn ti àga, kó máa ṣe bí ẹni pé aládùúgbò òun ni mò ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti plugin tí a fi ń gbé fọ́ọ̀mù àti ìdánwò sórí sáìtì tí a fi WordPress kọ́. Lọ́dún 2003 ni Matt Mullenweg ará Amẹ́ríkà àti Mike Little ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé WordPress jáde. Nígbà tó di 2004, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún plugin, pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá so àfikún tirẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, gbogbo ayé sì ya wọlé. Àwọn ọ̀fẹ́ tó wà lórí WordPress.org nìkan ti tó bí 60,000 báyìí. Ẹ wá "form" níbẹ̀ kí ẹ rí nǹkan. Gbogbo wọn ló rọrùn jù láyé. Gbogbo wọn ló yára jù. Gbogbo wọn ló ní kí o kàn wọ́ ọ, kí o jù ú síbẹ̀, ó parí. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo fún ní ìràwọ̀ márùn-ún náà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wo orúkọ ẹni yẹn dáadáa, ó jọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú màmá kan tó ni ilé-ìwé aládàáni n'Íbàdàn. Mi ò ní dárúkọ, torí àdúgbò wo ni irú wọn ò sí? Màmá fẹ́ kí àwọn òbí máa gba fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé lórí sáìtì, kí àwọn ọmọ sì máa ṣe ìdánwò àbáwọlé níbẹ̀, "bíi ti JAMB." Ó pe ọmọkùnrin tó ń bá a ṣe sáìtì.

"Ọmọ mi, fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Irú èwo, Mà?"

"Èyí tó rẹwà."

"Kí ló máa máa ṣe, Mà?"

"Ṣé mi ò ti wí ni? Kó rẹwà! Kí àwọ̀ ẹ̀ bá yúnífọ́ọ̀mù wa mu. Mo rí ti ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì, tiwọn ń yí gbirigbiri kó tó ṣí."

Àdéhùn parí. Ọmọ ń ronú iye tí yóò gbà, Màmá ń ronú ilé-ìwé òdìkejì. Ta ni yóò máa ka ohun táwọn òbí bá kọ? Ìgbà wo ni yóò kà á? Fóònù ta ni yóò dún? Wọn ò bèèrè, torí ìyẹn ò ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi ò mọ ìbéèrè mìíràn tó yẹ kéèyàn bi plugin kó tó bèèrè ẹwà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àgbà wọn bẹ̀rẹ̀. Contact Form 7 ti wà láti 2007. Takayuki Miyoshi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ló sì fi í sílẹ̀ títí dòní. Sáìtì tó ń lò ó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Miyoshi. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í mọ ojú ẹni: sà, níbo ni Contact Form 1 dé 6 gbà lọ? Ẹni tó bá sì ṣí inú ẹ̀ wò, kò ní rí wíwọ́, kò ní rí jíjù. Àkámọ́ onígun mẹ́rin ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bá jẹ́ dandan. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó figbe ta: "Ta ló ti àwọn ọ̀rọ̀ yìí mọ́lé?"

Ìyẹn ò kàn mí. Èyí tó kàn mí ni pé Contact Form 7 kì í tọ́jú ẹ̀dà. Òbí kọ orúkọ ọmọ, ó kọ nọ́ńbà fóònù, ó kọ àlàyé gbọ̀ọ̀rọ̀ pé ọmọ òun ní ikọ́ fée, ó tẹ bọ́tìnnì. Kíá, ìlà aláwọ̀ ewé yí ọ̀rọ̀ kan ká nísàlẹ̀: ẹ ṣeun, iṣẹ́ tí ẹ rán ti lọ. Bí lẹ́tà yẹn bá sọnù lọ́nà, ó sọnù náà nìyẹn, kò sí ibì kan lórí sáìtì tí ẹ ti lè wá a. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀dà wà nílẹ̀ ní láti so plugin mìíràn tó ń jẹ́ Flamingo mọ́ ọn. Miyoshi yìí kan náà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni pẹ̀lú. Ẹ bi dìsáínà yín bóyá ó ti fi Flamingo sí i. Á ní, "Ẹ má ṣèyọnu Mà, a ò nílò ẹyẹ."

Ohun tí ìlà aláwọ̀ ewé yẹn sì mọ̀ ò ju pé WordPress ti gbé lẹ́tà lé sẹ́fà lọ́wọ́. Sẹ́fà wo? Èyí tí ẹ rà ní pọ́ọ́kú, tí ẹ̀yin àti onípara abóra àti ẹni tó ń fi crypto lu jìbìtì jọ ń gbé inú ẹ̀. Lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà Gmail. Gmail wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lẹ́tà yìí, o ní ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́lá ní Yahoo lo ti ń bọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ sẹ́fà ilé-ìwé ló pọ̀n ọ́ wá?" Dìsáínà ló fi ímeèlì òbí síbi tó yẹ kí ímeèlì ilé-ìwé wà. Gmail kì í jiyàn. Ó sọ ọ́ sí spam, tàbí kó má tilẹ̀ gbà á wọlé. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti túbọ̀ le sí i, pàápàá fún àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu: ẹni tí ò bá ní SPF àti DKIM tí yóò jẹ́rìí rẹ̀, kó padà sílé.

Oògùn ẹ̀ ò le. Kí àdírẹ́sì tó ń firánṣẹ́ jẹ́ ti dómáìnì ilé-ìwé, kí ti òbí wà níbi tí èsì yóò gbà padà, kí ẹ sì fi sẹ́fà ímeèlì gidi (SMTP) rán an dípò sẹ́fà pọ́ọ́kú yẹn. Contact Form 7 fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ bí àdírẹ́sì ò bá bá dómáìnì mu. Dìsáínà rí ìkìlọ̀ náà, lẹ́tà pupa gbòò. Ó ní "àwọn òyìnbó yìí ti ń ṣe àṣejù," ó yí i kúrò lójú.

Ó wá ku àwọn Lite, ìyẹn ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ta ẹ̀yà olówó. Yé è! Plugin Lite dà bí àlejò tó ní òun kàn fẹ́ sun òru kan, tí ẹ jí lówùúrọ̀ tí ẹ bá a ní pálọ̀ tó ti tẹ́ ọjà sílẹ̀. Ẹ ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù, ìpolówó. Ẹ pa á, òmíràn yọjú. Black Friday wọn bẹ̀rẹ̀ kí ọdún ìjẹṣu tó kúrò nílẹ̀. Àwọn nǹkan tó dáa wà níbẹ̀ lójú yín o, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àwọ̀ eérú kùn wọ́n, ẹ tẹ ọ̀kan wò, wọ́n ní Pro nìyẹn. Kí òbí gbé fọ́tò ọmọ sókè? Pro. Kí fọ́ọ̀mù ní ojú ìwé méjì? Pro. Ẹ fẹ́ mí? Ẹ kọ́kọ́ wo ètò wa bóyá mímí wà nínú Basic.

WPForms, tó jáde ní 2016, ni ọ̀gá wọn nínú eléyìí. Ó rọrùn lóòótọ́, màmá àgbà lè fi í ṣe fọ́ọ̀mù láìpe ọmọ ọmọ. Ẹ wá wo ọgbọ́n wọn. Ẹ̀yà Lite kì í fi ìdáhùn àwọn èèyàn hàn yín nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ímeèlì ló ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá gbà fún un, yóò máa kó àwọn ìdáhùn náà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, yóò sì máa ka iye tó ti pọ̀ tó sí yín létí. Ìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀yà olówó ni wọn yóò kó wọn padà fún yín. Ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ wá sanwó kí ẹ rí i. Mo ṣe sàdáńkátà fún ẹni tó ronú kan ìyẹn. Ká ní Ìbàdàn ló gbé ni, ì bá ti joyè Ìyálọ́jà.

Gravity Forms kò fi ojú pamọ́ ní tirẹ̀. Láti 2009 tó ti dé, kò lẹ́yà ọ̀fẹ́. Èyí tó kéré jù jẹ́ dọ́là 59 lọ́dún, èyí tó ga jù tí wọ́n ń pè ní Elite jẹ́ dọ́là 259, inú Elite yẹn sì ni àfikún ìdánwò wà. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní 2022, ẹgbẹ́ òṣèlú APC ta fọ́ọ̀mù ìdíje ààrẹ ní mílíọ̀nù ₦100. Bébà ni o! Kò lè fi ímeèlì ránṣẹ́, kò ní ìdánwò nínú, kò sì sí àyè pé kéèyàn gba owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 30. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń fa ara wọn láṣọ láti rà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba owó ilé-ìwé lórí sáìtì, tí iṣẹ́ yín pọ̀, ẹ ra Gravity kí ọkàn yín balẹ̀. Ìwọ tó ń gẹrun ní Mọ́kọ́lá, tí oníbàárà mẹ́ta ń wá bá lọ́sẹ̀, nọ́ńbà WhatsApp rẹ tó.

Fluent Forms náà wà, láti Bangladesh, ó fúyẹ́, mo fẹ́ràn ẹ̀. Formidable wà fún ẹni tó fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe ìṣirò. Ninja Forms wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Ninja. Lóṣù kẹfà 2022, ihò kan yọ lára ẹ̀ tó burú débi pé WordPress.org ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Wọ́n wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáìtì lọ́nà ẹ̀yìn, wọ́n sì fi agbára tún un ṣe. Ninja tó yẹ kó máa yọ́ wọlé tọ àwọn ẹlòmíràn, òun ni wọ́n yọ́ wọlé tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í rẹ́rìn-ín jù: Contact Form 7 ní ihò tirẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2020, plugin mìíràn tó ń jẹ́ Forminator ní tirẹ̀ ní 2023, ibi gbígbé fáìlì sókè ló sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì. Àwọn tó ṣe wọ́n dí ihò náà. Ta ni olè ń bá? Ẹ̀yin tí nọ́ńbà 23 pupa fò jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín pé plugin 23 ń dúró de àtúnṣe, tí ẹ ní òǹkà àwọn tó ń wo sáìtì yín ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo ìràwọ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún plugin ọ̀hún ṣe kẹ́yìn. Bí ó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹni tó ṣe é ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti di àgbẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí ohun táwa fúnra wa ń bèèrè nínú fọ́ọ̀mù, torí ẹ̀sùn ò lè máa jẹ́ ti plugin nìkan. Màmá fẹ́ gba ọmọ ọdún mẹ́ta sí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ bèèrè orúkọ ọmọ, ó dáa. Orúkọ bàbá, ó dáa. Iṣẹ́ bàbá, ó yé wa. Orúkọ bàbá bàbá. Ìlú bàbá bàbá. Agboolé. Ẹ̀yà. Ẹ̀sìn. Ipò nínú ẹ̀sìn. Nọ́ńbà NIN bàbá àti ìyá. Fọ́tò ìgbéyàwó. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ní ABD ni, àbí ẹ fẹ́ fi jọba? Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ti là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí o nílò fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìkan ni kí o gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ọgbọ̀n àpótí lẹ tò sílẹ̀. Òbí kún un dé ìkejìlá, dátà tán, ó gbọ̀nà ilé-ìwé òdìkejì lọ. Ìyẹn ni tiwọn fi ń yí gbirigbiri.

Àwọn àpótí tó bá plugin wá láti òkè òkun tún wà níbẹ̀, tí dìsáínà ò yọ. Zip code, dandan ni. Òbí tó ń gbé ní Bódìjà kọ òdo márùn-ún, fọ́ọ̀mù ní kò sí níbẹ̀, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, fọ́ọ̀mù gbà. Ó dé orí "State". Alabama, Alaska, Arizona. Bàbá kan tó ń gbé ní Ọ̀jẹ́ yan Alabama, torí òun ló wà lókè. Ó wá tẹ̀ síwájú sí orúkọ: Ọlátúnbọ̀sún. Fọ́ọ̀mù ní orúkọ yẹn ò bófin mu, kí ó jọ̀ọ́ fi lẹ́tà nìkan kọ ọ́. Bàbá béèrè pé ṣé ẹja ni òun fi kọ ọ́ ni.

Bó bá sì la gbogbo ìyẹn já, ó kù kó fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ní 2007 ni Luis von Ahn, ọmọ Guatemala, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon gbé reCAPTCHA jáde, Google sì rà á ní 2009. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń fi hàn wá, àwa ń tẹ̀ ẹ́, à ń bá wọn sọ ìwé di dígítà láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ẹrú, ṣùgbọ́n ó kéré tán ó ní ọlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní ká máa mú ẹ̀rọ omi panápaná ìgboro Amẹ́ríkà nínú fọ́tò mẹ́sàn-án. Màmá àgbà tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Wọ́n ní kó yan ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá. Ìyá tó ti ń sọdá títì ní Dùgbẹ̀ fún ogójì ọdún pẹ̀lú "ẹ dúró, ẹ dúró, mo ń kọjá," kò rí ìlà funfun rí láyé ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tó rọrùn wà nínú ọ̀pọ̀ plugin wọ̀nyí: kí wọ́n fi àpótí kan pamọ́ tí ojú èèyàn ò lè rí. Róbọ́ọ̀tì olójúkòkòrò á kún un, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́, Màmá àgbà á ráyè lọ sùn.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan là ń fi ìbéèrè dá èèyàn lágara. Ní 2024, Mullenweg àti ilé-iṣẹ́ WP Engine wọ̀yá ìjà. Ìjà yẹn gbóná débi pé lóṣù kẹwàá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé sí WordPress.org ní láti fàlà sí àpótí kan pé òun ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú WP Engine. Ilé ẹjọ́ dá sí i lóṣù kejìlá, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n fi òmíràn sípò ẹ̀, dandan ni òun náà: pé ọ̀pẹ òyìnbó dùn lórí pizza. Àgbà tó ń ṣe sáìtì ìjọ l'Ẹ́dẹ, tí kò fi ẹnu kan pizza rí, fàlà síbẹ̀ ó sì wọlé. Ẹlẹ́rìí èké pátápátá, nítorí plugin.

Mo ti dé ìdí ìdánwò wàyí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Irú kan wà tó ń sọ fún ọ irú ẹni tí o jẹ́. Forminator ń fún èèyàn nírú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú èyí tó ń gba máàkì. Àwọn èèyàn wa ti wá fi í ṣe ohun ìṣeré: "Irú ọbẹ̀ wo ni ọ́?" Ìbéèrè márùn-ún péré. Àwọ̀ wo lo fẹ́ràn? Ìgbà wo lo ń sùn? Ó tán, ìwọ ni gbẹ̀gìrì. Gbogbo ayé pín sí ọ̀nà mẹ́rin: gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀fọ́ rírò, àti ilá fún ẹni tí wọn ò fẹ́ràn. Ilẹ̀ Yorùbá tí odù Ifá jẹ́ 256! Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, á wò ó títí, á ṣì tún béèrè kó tó sọ̀rọ̀. Kò sì sí babaláwo tí yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tán tí yóò fọwọ́ bò ó, tí yóò ní, "Kọ ímeèlì rẹ síbí kí n tó ki odù tó jáde."

Ti Màmá ni ìdánwò àbáwọlé, bíi ti JAMB. Màmá, ẹ gbọ́ ná. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, wọ́n sì fi bébà sílẹ̀ pátápátá ní 2015. Wọ́n ní ibùdó, wọ́n ń tẹ ìka, àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ dúró lẹ́yìn ọmọ. Ẹ̀yin fẹ́ fi plugin ọ̀fẹ́ àti fóònù bàbá ọmọ ṣe é, nílé bàbá ọmọ. Ta ni yóò ṣe ìdánwò náà? Lọ́dún tí ẹ bá dán an wò, ẹ̀gbọ́n àgbà tó ti jáde yunifásítì, bàbá tó jẹ́ ẹnjinníà àti àǹtí tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wọlé sí JSS 1. Ọmọ wọn á dé ní September, kò ní mọ 7 lọ́nà 8.

Plugin H5P wà, láti Norway, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa fún kí ọmọ fi ṣe àtúnyẹ̀wò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú bráósà ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti ń gba máàkì, ìyẹn ni pé ìdáhùn ti wà nínú ojú ìwé kí ọmọ tó dáhùn. Ẹni tó bá mọ ibi tí yóò tẹ̀ lè rí i. Ta ló mọ ibi tí yóò tẹ̀? Ọmọ náà tí ẹ máa ń pè pé kó wá bá yín tún WhatsApp ṣe. Fún ìdánwò tí máàkì ẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ wá plugin tó ń gba máàkì lórí sẹ́fà, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ wá sí ilé-ìwé. Kò tán síbẹ̀: ẹ bèèrè bóyá ó ń tọ́jú ibi tí ọmọ dé bí iná bá lọ. Aago inú plugin ò mọ NEPA. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà lórí sẹ́fà pọ́ọ́kú tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, onípara abóra náà ò ní rí sáìtì tirẹ̀ ṣí.

Ẹ wá fetí sí ti ìdáhùn tí ọmọ ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìbéèrè: kí ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun? Tíṣà kọ "Òṣogbo" sínú plugin, pẹ̀lú àmì pípé, ẹ kú iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ àkọ́kọ́ kọ "Osogbo" láìsí àmì, òdo. Èkejì kọ "Oshogbo," bó ṣe rí i lára mọ́tò, òdo. Ẹ̀kẹta kọ "Òṣogbo" gẹ́lẹ́, àmì orí, àmì ìdí, kò yingin. Òdo! Tíṣà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó nu ojú, ó tún un wò. Kí ló ṣẹlẹ̀? Tíṣà tẹ ṣ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo; kíbọ́ọ̀dù ọmọ tẹ s, ó wá fi tóótó sábẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú èèyàn, bákan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ní lẹ́tà kan, ìkejì ní méjì, wọn ò bá ara wọn tan. Ọ̀pọ̀ plugin ìdánwò ni kì í sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Ọmọ tó mọ èdè baba rẹ̀ jù lọ ní kíláàsì ló gbé ipò ìkẹyìn. Ẹ fún wọn ní A, B, D láti yàn, kí omijé dáwọ́ dúró.

Màmá gbọ́ gbogbo èyí, ó gba ìmọ̀ràn. Ó lé dìsáínà lọ, ó gba òmíràn. Ìyẹn fi Flamingo sí i, ó tún SMTP ṣe, ó dín ọgbọ̀n àpótí kù sí méje, ó lé Alabama jáde. Síbẹ̀, òbí kankan ò kọ̀wé. Kò tilẹ̀ sí ìwé kan láti ọdún tó kọjá. Dìsáínà tuntun ní kí òun wo ibi tí àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ ń lọ. Àdírẹ́sì tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé-ìwé. Ti dìsáínà tó kọ́kọ́ ṣe sáìtì ni, ṣáájú èyí tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó fi ímeèlì ara rẹ̀ dán an wò lọ́jọ́ náà, kò yọ ọ́, ó sì ti jápa lọ sí Kánádà. Màmá pè é.

"Ọmọ mi, lọ́dọ̀ rẹ ni fọ́ọ̀mù àwọn òbí ń bọ̀ ni?"

"Ẹ káàsán, Mà! Hà, ẹ̀yin lẹ ni wọ́n? Wọ́n pọ̀ o, Mà. Ìyá kan kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní kó máa gbàdúrà."

"Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi báyìí-báyìí."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mà, ẹ rántí pé ẹ ṣì jẹ mí ní gbèsè sáìtì yẹn. Lite lẹ wà lórí ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ ní láti ra Pro."